Ẹ̀rọ Yìnyín Bàbá Adéyanjú

Ìtàn yìí kò ní gùn. Mo fi gbogbo irun tó kù lórí mi búra, ẹni tó bá sì ti rí orí mi á mọ̀ pé irun náà ò pọ̀.

Bàbá Adéyanjú ra ẹ̀rọ agbáyìnyín àlòkù kan lọ́wọ́ ará Poland kan ní Castle Green. Yìnyín kì í bọ́ ní London débi tí ènìyàn á fi ra ẹ̀rọ sí i. Bàbá mọ̀. Ó gbé e wá sílé ní Becontree Heath, ó sì jókòó tì í bí ẹni jókòó ti aláìsàn.

Ilé náà ti dákẹ́ láti ìgbà tí Magdalene ìyàwó rẹ̀ ti kú. Mìdé, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń gbé ní Leeds. Ó máa ń wá, àmọ́ bí ẹni tó wá mú iná ni: á kí bàbá, á mu tíì ní ìdúró, á ní òun níṣẹ́ lọ́la. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè. Bàbá ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé.

"Bí yìnyín bá dí mi mọ́bẹ̀ ńkọ́, Dádì?" ni Mìdé bi í lórí fóònù.

"Kò lè dí ọ mọ́bẹ̀. Mo ti ra ẹ̀rọ."

Bàbá wá ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó tú irin pẹlẹbẹ tó gbé ẹnu rẹ̀ sókè, ó tún un dè kí ẹnu náà lè máa lá ilẹ̀, torí yìnyín London kì í nípọn. Ó gé páìpù omi òjò, ó fi fa ọ̀fun tí ẹ̀rọ fi ń tu yìnyín dànù gùn títí ó fi ga ju ọgbà àárín ilé rẹ̀ àti ti Basheerah lọ. Basheerah yìí ń wa bọ́ọ̀sì. Òun ni Mìdé fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Basheerah na ọrùn lórí ọgbà. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgùnfọn lẹ fẹ́ máa sìn ni?"

"Iwájú ilé tìrẹ ni mo fẹ́ máa bá ọ gbá."

"Ẹ ṣé, bàbá. Àmọ́ ilé yín ni ọ̀fun rẹ̀ kọjú sí."

"Ojú ń tì í ni."

Basheerah wo ọ̀fun ẹ̀rọ, ó wo ibi tí Mìdé máa ń gbé mọ́tò sí, ó sì wọlé lọ. Bàbá ti wọ̀n ọ́n: yìnyín ilé Basheerah, bó bá gba ọ̀fun yẹn jáde, orí mọ́tò Mìdé ni yóò já lé. Mọ́tò tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ kì í lọ sí Leeds.

Ní oṣù kìíní, yìnyín bọ́ gidi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì gbàdúrà kó dáwọ́ dúró nítorí àwọn arìnrìn-àjò. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Bàbá, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà bíi tàwọn yòókù, húkọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Mìdé dé. Bàbá ti fi ẹ̀rọ gbá iwájú ilé, ó mọ́ bí àwo. Ó gbé mọ́tò sún mọ́ ọgbà pẹ́kípẹ́kí, ó sì gbé báàgì ńlá kan wọlé.

"Kí nìyẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Dádì."

Bàbá gbé iyán kalẹ̀. Mìdé tí kì í mu ju tíì lọ ní kí wọ́n fi kún un. Ló bá nà sórí àga, ló bá ń hanrun bí ìyá rẹ̀. Bàbá dúró, ó gbọ́ ọ díẹ̀, kó tó jáde.

Géètì Basheerah ti wà ní ṣíṣí, Bàbá sì ti ẹ̀rọ wọbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké débi pé ajá òdìkejì títì ń gbó. Mìdé ò jí.

Nígbà tó yá ló ṣílẹ̀kùn. Dígí mọ́tò ò hàn mọ́.

"Háà! Dádì, ó tún bọ́ ni?"

"Oorun ò jẹ́ kó o gbọ́."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ báyìí?"

"Ó dọwọ́ Ọlọ́run."

Mìdé gbé báàgì gòkè. Bàbá jókòó sísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè orí rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kó mọ sáàárín wa: bàbá ò gbọdọ̀ gbọ́ pé Basheerah ti pe Leeds láti ọjọ́ àgùnfọn, pé Mìdé kì í hanrun láyé rẹ̀, àti pé aṣọ àwọ̀sùn ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló wà nínú báàgì kọ̀ǹpútà yẹn.