Ojú Ìwé Kẹrìnlélógún

Bàbá Oyèbánjí ka ìwé kọ́míìkì ọmọkùnrin rẹ̀ dé ojú ìwé kejìlélógún, ó sì rí i pé ẹnìkan ti fi abẹ gé ewé tó tẹ̀ lé e. Gígé náà gún régé. Nọ́ọ̀sì ni Moṣọpẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ tó gbé ìwé náà wá fún un nílé wọn ní Mayesbrook, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Jésùfẹ́mi ló kọ ìwé náà, òun náà ló ya á. Akọni inú rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, ènìyàn dúdú, eléjìí, tó máa ń fò kọjá lórí òrùlé Becontree tí ọkọ̀ bá dí ojú ọ̀nà. Bàbá Oyèbánjí ní èjí. Ogún ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì ládùúgbò náà. Ẹ̀rín ló ń rín títí dé ojú ìwé ogún. Ní ojú ìwé kejìlélógún, awakọ̀ náà fa àwòrán ọmọ rẹ̀ ya. Ọmọ náà gbójú sókè, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gé e.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Jésùfẹ́mi nígbà náà. "Nínú kọ́míìkì tí èmi kà ní kékeré," ni bàbá rẹ̀ wí, "ẹrù òyìnbó ni ènìyàn dúdú ń rù, tí kìnnìún bá sì dé, òun ló máa kọ́kọ́ pa jẹ. Ta ló fẹ́ rí dúdú tó ń fò?" Ó fà á ya. Ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ jáde, odidi ọdún mẹ́sàn-án ni wọn kò sì fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù Bàbá Oyèbánjí.

"Moṣọpẹ́, kí lọmọ yẹn sọ?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, just leave it. Àwọn àgbà ìjọ ní kò yẹ kí ẹ rí i."

"Ṣé ó bú mi ni?"

Moṣọpẹ́ kó abọ́ lọ sí kíṣìnì.

Láti oṣù Kẹta ni wọ́n ti ń fi nǹkan pa mọ́ fún un. Ní Sátidé kan, gbogbo ilé wọ sùtánà funfun jáde, wọ́n fi òun àti àgbà ìjọ méjì sílẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Moṣọpẹ́ dé, ó fọ amọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé, kò sì sọ ibi tó ti ń bọ̀. Bàbá Oyèbánjí kò béèrè. Ṣùgbọ́n ti ìwé yìí dùn ún dé egungun. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé ọmọ náà ti dárí jì í?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ wá ẹ̀dà ìwé náà mìíràn ní ilé ìkàwé kan nítòsí Valence, níbi tí wọ́n ti pàtẹ ìtàn àwọn dúdú nínú kọ́míìkì. Nínú àwọn tó pẹ́ jù, ètè wọn wú bí ètè ẹni tí oyin ta. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ akọni ni wọ́n, wọn kì í sì í pẹ́ kú. Lápá ìparí ni èyí tí àwọn dúdú fọwọ́ ara wọn yà wà. Ìwé Jésùfẹ́mi wà níbẹ̀ nínú gíláàsì, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Ó ti rù.

Halimah, tó ń ṣọ́ ibẹ̀, kúnlẹ̀ kí i. Ó pẹ́ kó tó dìde.

"Bàbá, Auntie Moṣọpẹ́ ti pè mí. Wọ́n ní kí n má ṣí i fún yín, sir."

"Tó bá jẹ́ bàbá tìrẹ ńkọ́?"

Halimah ṣí gíláàsì náà, ó sì lọ ń to àga tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.

Lójú ìwé kẹtàlélógún, ọmọ náà ń ṣa ìwé tó ya, ó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Bàbá Oyèbánjí fi ìka kan ahọ́n, ó ṣí i.

Lójú ìwé kẹrìnlélógún, ọmọ náà ní, "Dádì, ó ti tán nínú mi, bọ́ọ̀sì yín náà ni kí ẹ wọ̀ wá," lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà sì ni Jésùfẹ́mi, nígbà tí àìsàn ṣì jẹ́ kó lè di pẹ́ńsù mú, ti ya ọ̀nà láti ibùdókọ̀ Marks Gate dé ẹnu géètì, láti géètì dé ìdí igi kẹta, dé ẹsẹ̀ sàréè tó ti yàn fún ara rẹ̀, èyí tí wọ́n sin ín sí ní Sátidé oṣù Kẹta yẹn, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí òbí mọ̀ láéláé.