Kí Ilẹ̀kùn Tó Dún

"Ẹ máa yọ méje-méje kúrò nínú ẹgbẹ̀rún kan, mà. Ẹ yára!"

Olùwádìí náà fajú ro, nítorí bí wọ́n ṣe ń wọn másùnmáwo ní yàrá ìwádìí wọn ní Níúfáńlándì nìyẹn. Àmọ́ ńṣe ni Filomínà, opó apẹja, ń ka tirẹ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn láyà fi hàn pé ọkàn màmá tutù bí omi àmù.

"Màmá, kí ló tiẹ̀ ń bà yín lẹ́rù?"

"Ọmọ mi, òkun ti gbé ọkọ mi lọ. Ṣé ìṣirò ni yóò wá bà mí lẹ́rù?"

Olùwádìí rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ láti tú okùn ẹ̀rọ náà. Lójijì, ìlà orí ẹ̀rọ fò sókè, kò sì wálẹ̀ mọ́.

"Kí ló dé, mà?"

"Wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe kàn án lọ́jọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ ọkọ mi gan-an nìyẹn."

Olùwádìí ṣílẹ̀kùn fún un kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá páropáro. Ó tì í padà, ó sì bu omi fún màmá.

Ìgbà náà ni wọ́n kanlẹ̀kùn ní ti gidi. Ọlọ́pàá kan wọlé, ó ti ṣí fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. Filomínà dìde, àmọ́ ọlọ́pàá ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olùwádìí ló kọjú sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó Gárẹ́tì, awakọ̀ ojú omi?"

Màmá ló dá a lóhùn.

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó ná."