Ẹ̀bùn Tí Mo Fún Ara Mi

Bàbá Akínfẹ́mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hamburg wá sílé mi ní Neukölln, ní Berlin, nítorí kọ̀ǹpútà.

Olórí ìjọ wa ni wọ́n. Mo gbé àga fún wọn.

"Fọláwùmí, wọ́n ní o ń kọ́ Python. Ta lo fẹ́ lù ní jìbìtì ní ọjọ́ ogbó ẹ?"

"Èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni, sà. Ẹ̀bùn tí mo fún ara mi ni."

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń ra wúrà, ìwọ ń ra wàhálà! Jáwọ́ ńbẹ̀, àbí kó o má ka Sáàmù fún wa mọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ka Sáàmù nínú ìjọ. Wọ́n mọ ibi tó máa dùn mí.

"Kí lo tiẹ̀ ṣe tó tó ẹ̀bùn?"

Dérìnsọ́lá ọmọ mi fà mí láṣọ. "Mama, sag nichts." Ó ní kí n má sọ nǹkan kan.

Mo wo ilẹ̀kùn. Mo wo ojú Bàbá.

"Mo ti mọ̀wé kà báyìí ni, sà. Kíláàsì àwọn àgbà ní Tempelhof ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dún tó kọjá. Gbogbo Sáàmù tí mo ti ń kà fún yín ṣáájú, Dérìnsọ́lá ló ń kà á sí mi létí ní Sátidé, èmi á há a sórí. Ojú lásán ni mo ń gbé sórí ìwé."

Bàbá fa Bíbélì ọwọ́ wọn mọ́ra.

"Mi ò jáwọ́, sà. Ẹ ṣí Bíbélì yín síbi tó bá wù yín, kí n kà á."