Wáyà Balùwẹ̀ Lùkmọ́nù

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, Ràmọ́nù oníná yà sílé Bàbá Lùkmọ́nù, ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó sì wọ balùwẹ̀ tí wọ́n ń tún ṣe. Àbẹ̀bí, ìyàwó baba, tẹ̀ lé e. Baba fúnra rẹ̀ wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ọwọ́ ọ̀tún ò sì gbé mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n túfọ̀ Mùtmàínà ọmọ rẹ̀ obìnrin fún un. Etí nìkan ló kù tó dá ṣáṣá.

"Wáyà mélòó lo fà sí i?"

"Mẹ́ta ni, Bàbá. Ti híítà nípọn, ó dá dúró. Gílóòbù àti fáànù jọ wà lórí ọ̀kan. Ìkẹta ni ti ẹ̀rọ tó ń fa omi."

"Èyí tó ń wọ ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́tọ̀."

"Súìṣì?"

"Ìta ni," Àbẹ̀bí gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹni tí omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í tẹ súìṣì."

"Ẹ ṣe é dáadáa. Kí iná má lọ mú ọmọ mi bó ṣe mú ewúrẹ́ Mùbárákà aládùúgbò wa."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Lùkmọ́nù, ọmọ Baba, ti sọ ọ́ lórí fóònù: bí kò bá sí dúùṣì tó ń da omi gbígbóná síni lórí, òun ò lè kó àwọn ọmọ òun wálé láti Àbíjáǹ. Baba ní òun ò ní kú láìfọwọ́ kan Lùkmọ́nù lórí. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń mú un jẹun.

"Ìgbà wo ló ní òun ń bọ̀?"

"Tí wáyà bá ti wọlé tán, Bàbá Lùkmọ́nù," Àbẹ̀bí dá a lóhùn.

"Iṣẹ́ rẹ mà pẹ́ o, Ràmọ́nù. Ìjọba tí kì í fún wa níná á yá jù ọ́ lọ."

"Iṣẹ́ iná ò gba wàdùwàdù, Bàbá."

"Kan ògiri kí n gbọ́."

Ràmọ́nù wo ojú Àbẹ̀bí. Ó mú òòlù, ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́.

"Ó dáa. Àbẹ̀bí, gbé ẹ̀kọ mi wá."

Ó mu ún tán.

Àbẹ̀bí rẹ àkísà sómi, ó nu ìlà ṣọ́ọ̀kì tí Ràmọ́nù fà dípò wáyà kúrò lára ògiri bó ṣe nù ún ní Jímọ̀ tó kọjá àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó sì sin Ràmọ́nù dé òde, Ràmọ́nù tó wà lára àwọn tó wẹ òkú Lùkmọ́nù ní Àbíjáǹ lọ́dún tó kọjá, tó sì gbé àpò aṣọ rẹ̀ wálé.