Àgò Onílé ní Róòmù

Òfin ti ní èémí èèyàn ń ba àwòrán ara ògiri jẹ́, kí gbogbo onílé kó jáde; gbùngbùn ìlú Róòmù wá dá páropáro. Ìbídùn nìkan ló ń wọ àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ láràárọ̀, pẹ̀lú ìbòmú nímú, kó lè ṣí fèrèsé fún atẹ́gùn. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń nu eruku a sì máa tẹ̀ lé e kiri.

Lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, yóò dúró, yóò ní, "Àgò onílé o!"

"Ta lò ń kí?" Fáúsítà, ọ̀gá rẹ̀, bi í lórí fóònù. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́."

"Ọ̀gá mi, ilé onílé ṣì ni. Ta ní í já wọlé onílé láìkágò?"

Ọdún gorí ọdún, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tó ti ń dá jẹun nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Àgò onílé o!"

Ẹ̀rọ yẹn ló tẹ̀ lé e wálé, tó ń fi ohùn rẹ̀ tó ti gbà sílẹ̀ kágò.

Ìbídùn sáré tún ìró rẹ̀ ró, ó fa àga kejì jáde. "Àgò yà o!" Omi ti lé ròrò sí i lójú. "Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun."

Ẹ̀rọ náà wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku orí àga àlejò.