Fìlà Orí Lẹ́tà Tíṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ ti mọ́ lọ́wọ́.

1. Láyé ìgbà tí a ṣì ń fi lẹ́tà òjé to ìwé kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí kọ̀ǹpútà tó dé, ọkùnrin kan wà nílé ìtẹ̀wé wa tí à ń pè ní Ojú Àwòdì, nítorí pé ojú rẹ̀ mú, kì í ṣàṣìṣe. Òun ló ń to ìwé ìṣirò. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìṣirò kì í ṣí orí sílẹ̀: eléyìí dé fìlà ṣóńṣó, òmíràn ru ìlà, òmíràn ru ìgbì bíi ti omi. Bí fìlà bá yí, ìtumọ̀ yí nìyẹn. Òjé tín-ín-rín ni gbogbo wọn, ẹ̀mú ló fi ń gbé wọn lé lẹ́tà lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá sí nínú àpótí, á fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Òórùn íǹkì àárọ̀ ìgbà náà ò tíì kúrò nímú mi.

2. Bàbá kan wà tí à ń pè ní Tíṣà Ìṣirò; ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ń kú lọ. Ìwé kan ṣoṣo ló kọ láyé rẹ̀, ó sì gbé e wá fún wa tẹ̀.

"Ojú Àwòdì, ọmọ mi, jẹ́ n fojú mi rí i kó tó ṣú."

Nígbà tí Ojú Àwòdì tò ó tán, a tẹ ẹ̀dà àyẹ̀wò kan; Tíṣà yẹ ojú ewé gbogbo wò, ó ní ó dára. Ó wá ku títẹ̀. Bí Ojú Àwòdì ti ń gbé férémù òjé lọ sídìí ẹ̀rọ, ó fẹsẹ̀ kọ. Lẹ́tà ò tú, ṣùgbọ́n àwọn fìlà dà sílẹ̀. Ó ṣà wọ́n, ó dá wọn padà bó ṣe rántí.

Bàbá Ẹlẹ́rọ, tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, ní, "Jẹ́ ká tẹ ẹyọ kan wò ná."

"Bàbá, ojú tèmi yìí?"

"Àwòdì náà máa ń já òkúta gbé nígbà míì, á rò pé adìyẹ ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, jàre."

A tẹ gbogbo rẹ̀.

3. Tíṣà gbé ìwé náà súnmọ́ imú. Ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló dé fìlà onífìlà fún àwọn lẹ́tà mi?"

Ìṣirò tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ti di irọ́.

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Màá tún un tò."

Ó tún un tò lóòótọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ wò kó tó tẹ ìyókù. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi gbé e dé ilé Tíṣà, ojú bàbá náà ti ṣú pátápátá. Ó ń fi ìka wá ojú ewé kiri.

"Ṣé kálukú ti dé fìlà rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà. Ẹ gbà mí gbọ́."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́ nígbà àkọ́kọ́ náà."

Kò sẹ́ni tó lé Ojú Àwòdì níṣẹ́, àmọ́ kò to ìwé ìṣirò mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ jù ni kí ẹ máa yẹ̀ wò jù. A lè tún iṣẹ́ ṣe, àkókò ẹni tó ń retí rẹ̀ ni a ò lè tún ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.