Ogójì Ìdánwò fún Oògùn Ọmọdé

"Yọ àfikún yẹn kúrò, jàre! Lórí kọ̀mpútà tèmi, ìdánwò kan ò kùnà."

Obìnrin tó ń dán ètò kọ̀mpútà wò fún ọ̀gá rẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀gá, àfikún tó ń ṣírò oògùn ọmọdé ò sí lórí tiyín. Ó wà lórí tèmi, ogójì ìdánwò rẹ̀ ló sì kùnà. Ìṣirò yẹn ò dáa."

"Ṣebí ẹni tó bá wù ló ń lò ó? Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù. Bí ilé ìwòsàn ò bá gba ètò yìí lónìí, wáṣẹ́ míì."

Obìnrin náà wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn. Ẹni tí kò lè tẹ lẹ́tà kan láìpe èèyàn ló ń kọ́ òun níṣẹ́! Ó yọ àfikún náà, ó tún ìdánwò ṣe. Gbogbo àmì pupa tó ń fi ìkùnà hàn lójú kọ̀mpútà pòórá.

Bí olórí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ọmọdé ṣe wọlé wá gba ètò, ọ̀gá gbé àyà síta bí ẹni tó pa ẹkùn.

"Màmá, ẹ wò ó fúnra yín! Kò sí ẹyọ kan tó kùnà. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i."

Màmá wọ awò ojú, wọ́n sún mọ́ kọ̀mpútà.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé, oògùn ọmọdé: ìdánwò ogójì, a fo ogójì. Kí ló ń jẹ́ 'a fo ogójì'?"

Obìnrin náà dìde, ó fa àga rẹ̀ síwájú ọ̀gá.

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ ṣàlàyé fún wọn."